Gígun Ẹṣin ní Ọjọ́ Ogbó

Òwe kan wà tí àwọn ọmọ a máa fi bẹ àgbà pé kí ó sọ̀kalẹ̀: Ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ tí a ó sọ̀, kò sì wí pé iye ọdún nìkan ni ó ń sọ ènìyàn kalẹ̀. Bí ọkùnrin tàbí obìnrin kan tí ó ti ń gun ẹṣin láti ìgbà èwe rẹ̀ bá ti di ẹni ọgọ́ta ọdún, àwọn ará ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ó tó gẹ́ẹ́. Lójú tèmi, ìbéèrè tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi ara rẹ̀ kì í ṣe bóyá òun ti darúgbó, bí kò ṣe irú ẹṣin wo, irú ìrìn wo, àti ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ó bá ara òun mu nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá yí àwọn nǹkan wọ̀nyí padà ní àkókò, yóò pẹ́ lórí gàárì ju ẹni tí ó fẹ́ máa gun ẹṣin bí ọmọ ogún ọdún lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni méjì tí gbogbo ayé mọ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọdún 1926, a máa gun ẹṣin síwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọjọ́ àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dọọdún. Láti ọdún 1969 títí dé 1986, abo ẹṣin dúdú kan tí ń jẹ́ Burmese ni ó ń gùn, èyí tí àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Kánádà fi ta á lọ́rẹ. Ní ọdún 1981, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yin ìbọn tí kò ní ọta nínú nígbà mẹ́fà sí ọ̀nà rẹ̀ láàárín àwùjọ. Ẹṣin náà ta gìrì, ṣùgbọ́n ọbabìnrin, ẹni ọdún 55, tù ú lójú, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí Burmese fẹ̀yìn tì ní 1986, ọbabìnrin kò wá ẹṣin mìíràn fún ayẹyẹ náà. Ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni ó ń bá lọ láti ìgbà náà. Àwọn kan lè rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí rárá. Ní ọdún 2020, nígbà tí ó di ẹni ọdún 94, a ya àwòrán rẹ̀ lórí ẹṣin nínú ọgbà ààfin rẹ̀ ní Windsor.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé kíyè sí irú ẹṣin tí í ṣe. Kì í ṣe ẹṣin gíga ti àwọn ológun, ẹ̀yà kúkúrú kan ni, tí a ń pè ní Fell, tí a ń sìn ní àwọn òkè àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yà yìí kì í ga ju ìwọ̀n ọwọ́ 14 lọ, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 láti ilẹ̀ dé èjìká; ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa dúró gbọn-in lórí òkúta, ọkàn rẹ̀ a sì máa balẹ̀. Nínú ohun kan ṣoṣo ni kí a má ṣe fara wé ọbabìnrin náà: ìborí aṣọ ni ó wé sórí, kò dé àṣíborí. Èmi ó padà sórí ọ̀ràn yìí.

Ẹnì kejì ni Hiroshi Hoketsu ti ilẹ̀ Jàpáánù. Nígbà èwe rẹ̀, fífi ẹṣin fo igi ìdènà ni ó mọ̀, òun ni ó sì ṣe nínú Ìdíje Olympic ti Tokyo ní ọdún 1964. Ní ọdún 2008 ní Beijing, ó tún farahàn, ó di ẹni ọdún 67. Ní ọdún 2012 ní London, ó di ẹni ọdún 71. Nígbà náà kò fo igi mọ́. Ó ti yí sí ẹ̀ka tí a ti ń mú kí ẹṣin rìn, kí ó yí, kí ó sì sáré ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ṣin bá ti fi ìtan àti ìbàdí sọ fún un. Ẹ̀ka yìí kò fẹ́ agbára ọ̀dọ́ tó bí ó ti fẹ́ sùúrù àti òye, àwọn ohun tí àgbà ní lọ́pọ̀lọpọ̀.

Kí ni ogbó ń ṣe sí ẹlẹ́ṣin? Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀, a sì máa yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Ìtan kì í lè di ẹ̀gbẹ́ ẹṣin mú bí ti àtijọ́ mọ́, ìbàdí a máa le, ohun tí ojú rí kì í sì í tètè dé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹṣin fúnra rẹ̀ ní ìtọ́jú nínú. Bí ẹṣin ti ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gbé ìbàdí ẹni tí ó jókòó lé e síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gan-an ni. Nítorí èyí ni a fi ń lò ó ní ilẹ̀ púpọ̀ láti tọ́jú àwọn tí ara wọn kò lè dúró ṣinṣin. Nítorí náà, kí àgbà má ṣe kẹ́gàn ìrìn lásán. Kí ó rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sáré rárá, bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ sáré.

Gígùn àti sísọ̀ ni ó ń yọ àgbà lẹ́nu jù. Láti ilẹ̀ gun ẹṣin, orúnkún òsì a gbé gbogbo ara, gàárì a sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a máa dun ẹ̀yìn ẹṣin náà. Ẹ gbé àpótí líle kan kalẹ̀, kí ẹnì kan di ẹṣin mú, kí ẹ gun orí àpótí kí ẹ tó gun ẹṣin. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn kan, pàápàá bí àwọn ọmọdé bá ń wò. Lis Hartel ti ilẹ̀ Denmark, ẹni tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára láti orúnkún lọ sílẹ̀ ní ọdún 1944, a máa ní ẹni tí ń gbé e gun ẹṣin tí ó sì ń gbé e sọ̀. Síbẹ̀ ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú Ìdíje Olympic ti Helsinki ní ọdún 1952. Kí ni àpótí jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí?

Bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀, ọwọ́ a fẹ́ di okùn ìjánu mú bí ẹni rọ̀ mọ́ igi. Ẹnu ẹṣin ni ó ń jìyà rẹ̀, ẹṣin tí ẹnu ń dùn kì í sì í ní sùúrù. John Wesley, tí a bí ní ọdún 1703, tí ó gun ẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi súnmọ́ ẹni àádọ́rin ọdún, a máa kàwé lórí ẹṣin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1770 pé nígbà tí òun bá dẹ okùn ìjánu sílẹ̀ lọ́rùn ẹṣin, ẹṣin náà kì í sábà kọsẹ̀. Èmi kò wí pé kí ẹnikẹ́ni kàwé lórí ẹṣin. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá nílò ohun kan láti dì mú, kí a so awọ kékeré kan mọ́ iwájú gàárì, kí a di èyíinì mú, kí ẹnu ẹṣin sì ní ìsinmi.

Ẹṣin kúkúrú dára, ṣùgbọ́n kí ó lè gbé wa. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ẹlẹ́ṣin àti gàárì rẹ̀ má ṣe wúwo ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Ẹṣin tí ó wọn kílò 400 yóò gbé kílò 80, gàárì pẹ̀lú. Bí ikùn wa bá ti tóbi láti ìgbà èwe, kí a ṣe ìṣirò náà láìtan ara wa.

Nísinsìnyí ní ti ìṣubú. Eegun àgbà a máa fúyẹ́, ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró pàápàá. Ìgbáròkó tí ó bá dá ní ọjọ́ ogbó lè so ènìyàn mọ́ ibùsùn fún oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn kì í sì í dìde mọ́. Orí ẹni tí ó wà lórí ẹṣin ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ilẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún láìdé àṣíborí líle tí a ṣe fún ẹlẹ́ṣin, tí a sì so ní àgbọ̀n; bí ó bá ti forí sọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a rọ́pò rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sán. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó gùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí láìsí ọgbẹ́ lóde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òòyì ń kọ́ nígbà tí ó bá dìde dúró.

Ní ilẹ̀ tiwa, ewu tí mo rí jù ni ti ẹni tí ń gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Ní Ìjẹ̀bú Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba pẹ̀lú ìlù àti ìró ìbọn. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó sì ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàn ká gbogbo ayé bí ó ti jókòó lórí ẹṣin pẹ̀lú ẹwà. (Sìgá tí ó mú lọ́wọ́ kò sí nínú ohun tí mo ń yìn.) Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ igbó, níbi tí àìsàn tí eṣinṣin kan ń gbé kiri ti ń pa ẹṣin láti ayébáyé, ẹṣin kò pọ̀ nílé. Òke ọya ni a ti ń mú ọ̀pọ̀ wá. Àgbà tí ó bá yá ẹṣin tí kò mọ̀, tí iṣan rẹ̀ kò sì rántí gàárì láti Iléyá èṣí, tí ó wá bọ́ sáàárín ìbọn, ó ti fi ara rẹ̀ wéwu.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ẹṣin, kí ó máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, nígbà mẹ́wàá lówùúrọ̀, kí ó sì máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan nítòsí ògiri. Kí ó bá ẹṣin tí yóò gùn náà pàdé ṣáájú, kí ó fún un ní koríko lọ́wọ́, kí ó sì rí i bí ó ti ń ṣe nígbà tí a bá lu ìlù létí rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá dé, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ẹṣin máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Kí a sì ti gbé àpótí sí ibi tí àgbà yóò ti sọ̀, nítorí lẹ́yìn ayẹyẹ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti kú, ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú.