Mímú Ajá Rìn fún Owó ní Ìjẹ̀bú-Òde: Oòrùn àti Àrùn Dìgbòlugi

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ẹni tó ń gbowó mú ajá onílé rìn ní Ìjẹ̀bú-Òde, yálà mẹ́gáàdì tí ọ̀gá rẹ̀ fi iṣẹ́ náà kún tirẹ̀ ni, tàbí ọ̀dọ́ tó fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní àwọn ìlú olótùútù bíi Toronto àti Chicago, yìnyín ni àwọn alágbàrìn ajá ń ṣọ́ra fún, pẹ̀lú iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sójú títì láti yọ́ ọ, nítorí pé iyọ̀ náà a máa ta àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, oòrùn ni ọ̀tá.

Ajá kì í làágùn bí ènìyàn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde, ìdí nìyí tó fi ń yọ ahọ́n síta tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ranlẹ̀ mọ́, ooru ti mú un nìyẹn: kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n da omi tútù lé e lára, kí wọ́n sì wá dókítà ẹranko kíákíá. Títì ọlọ́dà tí ẹ̀yìn ọwọ́ ènìyàn kò bá lè gbà fún ìṣẹ́jú àáyá 7 kò yẹ fún ẹsẹ̀ ajá, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni àsìkò iṣẹ́ yìí, kódà nígbà ọyẹ́. Ní ọjọ́ ọdún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé ni kí ajá wà, torí ìró ìbọn àti ẹṣin níbẹ̀ lè mú kó já ṣéènì. Kò sí owó iṣẹ́ tó tó ewu yẹn.

Ewu tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni dìgbòlugi, àrùn inú itọ́ ẹranko tó ń kọlu ọpọlọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, tó sì jẹ́ pé ajá ló fa èyí tó pọ̀ jù. Kí alágbàrìn tó gba okùn ajá lọ́wọ́ onílé, kí ó béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí ajá ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti ọmọ oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Kì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń ya wèrè: òmíràn a dákẹ́, a sá sí kọ̀rọ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ a já sílẹ̀, èyí sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé eegun ló há a lọ́fun, tí á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, láìfi epo tàbí àgúnmu sí i, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Kí wọ́n má ṣe yára pa ajá náà. Bí ó bá ní ẹni tó ni ín, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ síbi tí kò ti ní bu ẹlòmíràn jẹ, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ó bá kú kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹranko kí wọ́n tó sin ín, nítorí pé inú ọpọlọ rẹ̀ ni àyẹ̀wò ti lè fìdí àrùn náà múlẹ̀.