Àjọṣe Ẹyẹ àti Òdòdó: Ẹ̀kọ́ fún Gbogbo Ìjẹ̀bú

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe yìí ni a fi ń kọ́ ara wa ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kíyè sí i pé ẹyẹ àti òdòdó inú igbó wa ti ń ṣe irú rẹ̀ kí ènìyàn tó dé orí ilẹ̀ ayé rárá.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde ní àkókò tí igi òrúrù bá tanná pupa yóò rí ẹyẹ kékeré kan tí ń ti òdòdó kan bọ́ sí èkejì, tí ń fa oje dídùn inú wọn mu. Akọ rẹ̀ a máa dán bí aṣọ régbérégbé ní ọjọ́ Ojúde Ọba. Aṣọ ṣákálá ni abo rẹ̀ ń wọ̀. Àgógó ẹnu wọn gùn, ó sì tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí a fi iná tẹ̀. Ìdílé ẹyẹ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nectariniidae, lé ní oríṣi 140 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti títí dé Ọsirélíà.

Kí ni ó so ẹyẹ yìí pọ̀ mọ́ òdòdó? Òdòdó kò ní ẹsẹ̀. Bí ìyẹ̀fun ara rẹ̀ kò bá dé ara òdòdó ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè so èso. Nítorí náà ni ó ṣe ń fi oje dídùn gba alágbàṣe. Òdòdó tí ó bá ẹnu ẹyẹ mu dáadáa ni ó ń ní irúgbìn púpọ̀. Ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ bá òdòdó mu ni ó ń yó, tí ó sì ń tọ́ ọmọ púpọ̀ dàgbà. Láti ìran dé ìran, fún àìmọye ọdún, wọ́n ń yí ara wọn padà díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọlọ àti ọmọ ọlọ ti í lọ ara wọn. Ní ọdún 1862, Charles Darwin rí òdòdó Madagáskà kan tí ihò oje rẹ̀ jìn gan-an, ó sì sọ pé àfòpiná kan tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ó ti kú kí àwọn onímọ̀ tó kéde àfòpiná náà ní ọdún 1903.

Òdòdó tí ń pe ẹyẹ ní àmì tirẹ̀. Ó sábà máa ń pupa, nítorí ojú ẹyẹ rí pupa dáadáa, ti oyin kò sì rí i tó bẹ́ẹ̀. Kì í sábà ní òórùn, nítorí ojú ni ẹyẹ fi ń wá a kiri. Igi igbá, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, gba ọ̀nà mìíràn: àdán ni ó ń pè ní òru.

Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ni ó yani lẹ́nu jù. Kò sí olóko obì tàbí kòkó kan ní Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ ọ́n. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Òdòdó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgò tí a dé pa. Nígbà tí ó bá gbó, ojú ihò á là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ wa á ti ẹnu bọ ibẹ̀, òdòdó náà á sì bẹ́ lójijì bí ìgbà tí pàkúté bá ré, ìyẹ̀fun á tú sí ẹyẹ náà níwájú orí. Ẹyẹ á gbé e lọ sí òdòdó mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ẹyẹ tí ó jẹ́ oríṣi mìíràn á jẹ èso rẹ̀, tí kóró rẹ̀ ń lẹ̀ bí àtè, á sì nù ún mọ́ ẹ̀ka igi tuntun.

Bóyá olóko kan yóò wí pé kí a kúkú pa ẹyẹ náà run. Àwa kò gbà. Ẹyẹ yìí kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún òrúrù àti fún ọ̀pọ̀ igi mìíràn, kòkòrò àti aláǹtakùn ni ó sì fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí àfòmọ́ bá ń dà láàmú, kí ó gé e kúrò kí ó tó so èso.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan ni èyí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó ni ẹyẹ kan ń bẹ̀ wò. Nígbà mìíràn a máa dá ìdí òdòdó lu, a sì jí oje mu láìru ìyẹ̀fun kankan. Síbẹ̀ àwọn àjọṣe tí ó ṣe tímọ́tímọ́ wà. Ní erékùṣù Saint Lucia, àwọn onímọ̀ fi hàn ní ọdún 2000 pé akọ àti abo ẹyẹ kan náà ní ẹnu tí kò dọ́gba, oríṣi òdòdó tí ó bá ẹnu kálukú mu ni ó sì ń jẹ. Ní orí òkè Kámẹ́rúùnù tí ó súnmọ́ wa, òdòdó kan wà tí kò fún ẹyẹ ní àyè láti bà lé. Ẹyẹ náà a dúró lójú òfuurufú, a máa fi ìyẹ́ lu afẹ́fẹ́ bí ó ti ń mu oje.

Bí ẹnìkan bá bi wá pé èrè kí ni ó wà nínú ìmọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ó wo Màléṣíà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìyẹ̀fun sí òdòdó ọ̀pẹ níbẹ̀ rí. Ní ọdún 1981 ni wọ́n kó kòkòrò bíńtín kan láti Kámẹ́rúùnù, tí í ṣe alágbàṣe ọ̀pẹ ní ilẹ̀ tiwa, lọ sí oko wọn. Èso ọ̀pẹ wọn pọ̀ sí i, owó alágbàṣe sì dín.

Bí ó bá sì bi wá pé ewu kí ni ó wà nínú àìbìkítà, kí ó wo New Zealand. Ní àríwá ilẹ̀ náà, àwọn ẹyẹ tí ń mu oje òdòdó pòórá ní nǹkan bí ọdún 1870. Igi kékeré kan ṣì ń tanná níbẹ̀, ojú kò sì rí ibi tí ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kà á, tí wọ́n sì fi í wé ti àwọn erékùṣù tí ẹyẹ kù sí, wọ́n rí i ní ọdún 2011 pé irúgbìn inú òdòdó kọ̀ọ̀kan ti fi ìdá 84 nínú 100 dín, àwọn ọ̀dọ́ igi sì ti fi ìdá 55 dín. Igbó náà ń kú láìpariwo.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ igbó ìjọba Omo, ní apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, fi ń jẹ wá lọ́kàn. A yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó àpamọ́ àgbáyé ní ọdún 1977. Agégẹdú ń wọ̀ ọ́, oko kòkó ń jẹ ẹ́, igi àjèjì sì ti gba àyè ọ̀pọ̀ igi àdáyébá. Igi tí a gé, ẹnikẹ́ni lè kà á. Èso tí kò so nítorí pé ẹyẹ ti lọ, ta ni yóò kà á?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹnu ọ̀nà ni ó ṣí. Ọwọ́ yín ni ó kù sí láti mú ọmọ wọlé. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ sábẹ́ igi òrúrù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka iye ìgbà tí ẹyẹ bà lé e ní wákàtí kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé, ẹ má ṣe bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti iná mànàmáná nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni yóò máa ṣọ́ igbó Omo? Igi wo ni a óò gbìn dípò èyí tí a gé? Ẹni tí kò bá ní èsì, kí ó lọ wá a wá kí ó tó gba ìbò wa.