Fèrèsé Kékeré Orí Ilẹ̀kùn: Ẹ Bò Ó, Ẹ Má Dí I



Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kan wà tí bíríkìlà mọ̀ọ́mọ̀ ṣí sára ògiri: fèrèsé kékeré tí ó wà lókè ilẹ̀kùn yàrá. Nínú àwọn ilé kan ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nínú òmíràn, páálí tàbí ọ̀rá ni a fi dí i pa. Méjèèjì ni ó léwu.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè. Fèrèsé yìí ni ó ń bá jáde. Bí a bá dí i, ooru yóò há mọ́ àwọn ọmọ lórí ibùsùn. Èyí tí ó burú jù ni ti ìgbà ọyẹ́, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbé ìkòkò eléèédú wọ yàrá láti yáná. Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn jáde. Ó lè pa gbogbo ẹni tí ó sùn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fèrèsé ṣíṣí nìkan kò tó láti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: ìta ni ààyè èédú.

Bí a kò bá sì bo fèrèsé náà, ẹ̀fọn yóò wọlé. Láti 1897, tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà, ni a ti mọ ewu yìí dájú.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ wọn òró àti ìbú fèrèsé náà. Ẹ ní kí káfíńtà kan férémù pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá a mu, kí ó na àwọ̀n lé e, kí ó sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án. Kí férémù náà ṣe é yọ fún fífọ̀, nítorí àwọ̀n tí eruku bá dí kò yàtọ̀ sí páálí.

Ọ̀ṣọ́ wá ńkọ́? Iṣẹ́ igbá fínfín kò ṣàjèjì ní Ọ̀yọ́. Ẹ mú irú ọnà bẹ́ẹ̀ fún káfíńtà, kí ó gé e ní ihò-ihò sára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé e síwájú àwọ̀n. Bí owó kò bá tó, ẹ wá ìjókù aṣọ-òkè tí ó ṣẹ́kù nínú àpótí, ẹ rán an ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó bo ìdá mẹ́ta fèrèsé náà lókè, kí ìdá méjì yòókù máa fẹ́.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ta òwú kan síwájú rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Bí òwú náà bá ń mì, iṣẹ́ yín yege.

Ilé yóò tù wá lára o.