Ilé Àgbẹ̀ di Ibi Ìwòsàn

Ní ayé àtijọ́, bí orí ènìyàn bá dàrú, ẹ̀wọ̀n ni a sábà máa ń fi dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí a mú un jìnnà sí gbogbo ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1923, gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ó bẹ àwọn àgbẹ̀ abúlé àyíká kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn, a sì ń san owó ilé fún wọn.

Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn ni yóò bá a wá. Òun ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Bí ìtọ́jú bá parí, wọn a padà sí abúlé, sí àárín àwọn tí ń roko, tí ń gúnyán, tí ń kí ara wọn. Ẹni tí a ń kí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kò ní tètè gbàgbé pé ènìyàn ni òun.

Lambo ń lo oògùn òyìnbó, ṣùgbọ́n kì í fi ẹ̀rù tí ń bẹ lọ́kàn aláìsàn ṣe ẹlẹ́yà. Ó tilẹ̀ pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, èyí tí ó lè má dùn mọ́ ará ìjọ mìíràn nínú. Ọdún 2004 ni ó kú.

Ìbátan tí ó sin aláìsàn wá pàápàá ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní Aro: kí wọ́n tó padà sílé, ó ti mọ bí a ti í bá ẹni náà gbé.