Líle, Yíyi àti Agbára: Bí Iná àti Omi ṣe ń Yí Ìhun Irin Ọ̀pá Epo Padà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé bí iná, ìlù àti omi ṣe ń yí ìhun inú irin padà, pàápàá irin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá epo àti ti gáàsì. Kì í ṣe pé a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó fà á ni àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ Yorùbá kan nígbà tí a ń máàkì ìdánwò àyọkà tí ó dá lórí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ọmọ wẹ́dà kan ní Bàrígà kọ ọ́ pé àdá tí ó dára "a máa le ní ẹnu, a sì máa yi ní ẹ̀yìn". Ọ̀kan nínú wa fagi lé *yi*. Ó ní ẹran àti awọ nìkan ni ó ń yi, pé *le* ni ó yẹ kí ọmọ náà tún kọ. Ọmọ pàdánù máàkì. Lójú tiwa, ọmọ náà ni ó tọ̀nà.

Ohun tí ó le kì í tètè gba àpá. Fáìlì kì í ràn án. Ohun tí ó yi kì í tètè ya, kì í sì í ṣẹ́, bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí a sì fà á. Ohun tí ó lágbára ni ó lè gba ẹrù púpọ̀ kí ó tó tẹ̀ láìpadà sípò. Ìgò le, kò yi. Awọ yi, kò le. Ẹni tí ó bá dé Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti kún àdúgbò, yóò rí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà. Ẹnu rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gé òkìtì bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ó bá já lu sìmẹ́ńtì, ó lè kán. Ẹni tí ó ń pọ́n ọn a máa da omi sí i, nítorí pé bí ẹnu ọ̀bẹ náà bá gbóná títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí aró, líle rẹ̀ ti dínkù nìyẹn.

Kí ni iná ṣe fún un? Àwa tí a ń kọ́ni ní gírámà mọ̀ pé "Òjó na Adé" àti "Adé na Òjó" kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà lọ. Ìhun ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Irin náà ní ìhun. Bí a bá dán ojú rẹ̀ títí tí ó fi ń kọ mọ̀nà, tí a fi ásíìdì díẹ̀ kàn án, tí a sì fi máíkírósíkóòpù wò ó, hóró wẹ́wẹ́ ni a ó rí. Nígbà tí irin bá tutù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú hóró irin ọ̀pá epo ni féráìtì, tí ó rọ̀ tí ó sì ń fà. Bí iná bá kọjá nǹkan bí 727 dígírì Celsius, àwọn hóró kan a bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ́sítẹ́náìtì, tí ó lè gba kábọ́ọ̀nù púpọ̀ sínú. Bí ó bá tó nǹkan bí 900, gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, yóò tún rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rì í bọ omi lójijì, kábọ́ọ̀nù kò ní ráyè jáde. Yóò há sínú hóró náà, irin yóò sì di mátẹ́ńsáìtì, èyí tí wọ́n fi orúkọ Adolf Martens ará Jámánì pè. Ó le gan-an, ó sì tètè ń ṣẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń rì irin bọ omi tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní orúkọ yìí.

Ọgbọ́n irin oníhun-méjì ni pé a kò jẹ́ kí iná náà parí iṣẹ́ rẹ̀. A ó dá a dúró láàárín méjì, nígbà tí apá kan hóró ti yí padà tí ìyókù sì wà ní féráìtì síbẹ̀. Nígbà náà ni a ó rì í bọ omi. Apá tí ó ti yí padà nìkan ni yóò le. Yóò wà káàkiri inú èyí tí ó rọ̀ bí ẹ̀wà nínú ìrẹsì. Irin bẹ́ẹ̀ a máa jọ̀wọ́ ara díẹ̀díẹ̀, bí a sì ti ń fà á ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kí ó tó wá já nígbẹ̀yìn. Bí iná bá pọ̀ jù, apá líle yóò pọ̀ jù, agbára yóò ga, yíyi yóò sì dínkù.

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin ọ̀pá epo, bénáìtì, tí kò le tó mátẹ́ńsáìtì, ni wọ́n sábà ń fẹ́ pọ̀ mọ́ féráìtì. Wọn a mú irin gbóná dé nǹkan bí 1,150 sí 1,200 dígírì, wọn a fi rólà tẹ̀ ẹ́, wọn a sì dúró kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ó ń fọ́ ìhun náà sí wẹ́wẹ́. Níóbíọ̀mù díẹ̀ tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí hóró tún tóbi padà. Lẹ́yìn èyí ni omi yóò tú lé e lórí. E. O. Hall ní 1951 àti N. J. Petch ní 1953 ni wọ́n fi hàn pé bí hóró bá ti ń kéré sí i ni agbára irin ń pọ̀ sí i. Èyí tí ó wù wá jù ni pé hóró kékeré kì í gba yíyi lọ́wọ́ irin bí ó ti ń fún un ní agbára. Irin tí wọ́n kọ X70 sí lára gbọ́dọ̀ gba 70,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan kí ó tó tẹ̀ láìpadà.

Ìyàtọ̀ le àti yi kì í ṣe eré. Ọ̀pá gáàsì tí ó ti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ sí Bìní, Tógò àti Gánà gùn tó 678 kìlómítà, abẹ́ òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà. Bí ilẹ̀ bá yẹ̀ lábẹ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, a fẹ́ kí ó fà, a kò fẹ́ kí ó ya. Ní 2008, kàtàpílà tí ń la ọ̀nà kọlu ọ̀pá epo ní Ìjẹ́gùn ní Èkó, iná sọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. A kò sọ pé irin ni ó jẹ̀bi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀pá bá ya nìyẹn.

Àwọn wẹ́dà Bàrígà náà mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà tiwọn. Bí wọ́n bá jó sípíríǹgì mọ́tò pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó ni ó sábà ń ṣẹ́, kì í ṣe ojú ibẹ̀ gan-an, nítorí pé iná wẹ́dà ti tú ìhun tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀. Ọmọ tí ó dàgbà sí irú ibi bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ *yi* lórí irin kí ó tó bá a pàdé nínú ìwé.

A rọ àwọn tí ń ṣètò ìdánwò pé kí wọ́n gba *le*, *yi* àti *lágbára* gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àyọkà tí ó bá jẹ mọ́ irin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn amáàkì. Ní ti ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n dá máàkì rẹ̀ padà fún un. Ẹni tí ó fagi lé *yi* kò tíì gbà fún wa títí di òní.