Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, obì kì í ṣe oorun o!

Ẹni tó bá jáde ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, tó bọ́ sí títì Oṣòdì sí Àpápá lóru, á rí tírélà tó tò lọ rẹrẹ. Òfin ìrìnnà Èkó ló ní kí wọ́n má rìn nígboro láti aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, àfi tańkà epo. Ìgbà tí oorun ń kun èèyàn gan-an niṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀!

Làwọn kan bá ń jẹ obì, àwọn kan ń mu paraga, àwọn mìíràn ń gbé tramadol mì. Obì ní kaféènì lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ló ń bo oorun mọ́lẹ̀, kò san gbèsè rẹ̀. Tramadol ńkọ́? Oògùn ìrora ni. Ó ń fa òòyì àti oorun, ó sì lè fa gìrì. Paraga? Ọtí mà ni!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ bi dírẹ́bà yín léèrè ìgbà tó sùn kẹ́yìn. Bó bá fi wákàtí kan sùn lójú ọ̀nà, tòmátò ò ní tìtorí ẹ̀ jẹrà.