Ọmọ Ọkọ̀ àti Arìnrìn-àjò Afẹ́: Oorun Méjì Lójú Ọ̀nà Ìfọ́n

Igbó ni ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ gba Ẹlẹ́gbẹ́ka dé Ìfọ́n là kọjá, kó tó wọ ilẹ̀ Ẹdó lọ sí Ìbíní. Kí márosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ sí Ìbíní tó dé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Iléṣà àti Àkúrẹ́ bọ̀ ń gbà lọ sí ìlà-oòrùn. Irú ẹni méjì ló máa ń sùn ti ọkọ̀ rẹ̀ lójú irú ọ̀nà báyìí. Èkíní ni awakọ̀ ẹrù pẹ̀lú ọmọ ọkọ̀ rẹ̀. Èkejì ni arìnrìn-àjò afẹ́ tó wakọ̀ láti Yúróòpù, tó gba Mòrókò àti Sẹ̀nẹ̀gà wá, tó sì ń wá ẹnubodè Mfum tí yóò gbà wọ Kamẹrúùnù. A kì í ka oorun ti àkọ́kọ́ sí ìgbafẹ́, a kì í sì í ka ti èkejì sí iṣẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó bí a ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀. Bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti òkè òkun wá, Bedford sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Káfíńtà wa ló kan pákó sí i, ayàwòrán wa ló kọ ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Encounter Overland ń kó àwọn ọ̀dọ́ la Sàhárà kọjá. Kí ni wọ́n fi ń kó wọn? Bedford kan náà, èyí tí àwọn ológun ti lò tà. Àwọn náà to àga sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ta tàpólì bò ó. Èrò bọ́lẹ̀kájà há mọ́ra bí ẹja inú agolo, èrò tọ̀hún sì láyè tí wọ́n fi kó àgọ́ àti ìkòkò ìdáná. Ohun tó yàtọ̀ gan-an ni owó ọkọ̀: èrò tiwa ń sanwó kó lè dé, èrò tiwọn ń sanwó kó lè wà lójú ọ̀nà.

Lónìí, ọkọ̀ ti yà síra. Àgọ́ arìnrìn-àjò afẹ́ ń ṣí lórí òrùlé Land Cruiser, àkàsọ̀ kékeré ni yóò fi gùn ún. Nínú tírélà, ibùsùn tóóró kan wà lẹ́yìn àga awakọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ni ín. Ọmọ ọkọ̀ á tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ láàárín táyà, tàbí kó gun orí ẹrù lọ wọ abẹ́ tàpólì. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó fi owó ńlá ra àgọ́ àti ẹni tí kò ní ibùsùn, òkè ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì lè sá lọ. Àwọn méjèèjì ń sá fún ejò, fún àgbàrá àti fún olè. Ẹrù ọ̀kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú àpótí tó tì pa, ẹrù èkejì ni ibùsùn rẹ̀ gan-an, ẹlòmíì ló sì ni ín.

Ní ti ibi ìsùn, awakọ̀ ẹrù ń wá èèyàn. Ibi tí iná wà, tí ìyá olóúnjẹ ti ń gúnyán, tí fọganáísà kò jìnnà, ibẹ̀ ni yóò gbé ọkọ̀ sí. Arìnrìn-àjò afẹ́ ń sá fún èèyàn. Etí odò Ọ̀sẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ igbó ọba ló wù ú, níbi tí yóò ti gbọ́ ẹyẹ, tí yóò sì fi sítóòfù tirẹ̀ se tíì tirẹ̀. N kò rí ìdí tí a ó fi fi èyíkéyìí bú wọn. Ariwo ni ẹnì kan ń fi ṣe ọgbà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹnì kejì fi ṣe é.

Àfi bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ni wọn kì í yan ibi ìsùn. Arìnrìn-àjò afẹ́ á gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, á tú àpótí irinṣẹ́. Ọmọ ọkọ̀ á já ewéko, á tò ó sójú títì. Bí ó bá jẹ́ pé irin ọkọ̀ ńlá ló kán, ọ̀gá á wọ ọkọ̀ lọ wá òmíràn, ọmọ ọkọ̀ á sì dúró ti ẹrù, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Á dáná igi sí ẹ̀gbẹ́ táyà, á sá aṣọ sára tàpólì, á mọ ọ̀nà odò, á mọ ẹni tó ń ta gààrí láwìn. Mo gbà pé pípàgọ́ gidi nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó wù ú. Nínú ìwé arìnrìn-àjò afẹ́ ni orúkọ igi àti ẹyẹ máa ń wà. Orúkọ àwọn ará abúlé, ọmọ ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Pelumi Nubi da ààlà tí mo fà sáàárín àwọn méjèèjì yìí rú. Ó wa Peugeot kékeré kan láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọmọ Yorùbá ni, kò gbé ẹrù ẹnikẹ́ni, ilé ló sì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún sún awakọ̀ ẹrù àti arìnrìn-àjò afẹ́ mọ́ra. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Nígbà tí ọba kò bá ráyè kọjá ní àlàáfíà, ta ni yóò pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó? Arìnrìn-àjò afẹ́ tó gbọ́n, ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn sí ní Nàìjíríà. Awakọ̀ ẹrù náà ń wá ibi tó ní ọdẹ àti géètì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tó dára? Arìnrìn-àjò afẹ́ á ṣí áàpù iOverlander lórí fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn tó ti kọjá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi wà níbí, ọlọ́pàá wà lọ́hùn-ún. Awakọ̀ á pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tàbí kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú fi iná ọkọ̀ ṣẹ́jú sí i. Ìròyìn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ ọdún 2018 nípa igbó Ẹlẹ́gbẹ́ka lè sùn síbẹ̀ lónìí, nígbà tí ẹni tó gba ìpè ní àárọ̀ yìí á ti mọ̀ bóyá kó kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú tàbí kó dúró sí Ọ̀wọ̀.